Kẹ̀kẹ́ Àwòrán Inú Iná Ayíjú Gẹ́gẹ́ Bí Àmì Lórí Ìtàgé Yorùbá: Àyẹ̀wò Láti Ògùdù

1.0 Ìfáàrà

Àwọn lámèyítọ́ eré-oníṣe Yorùbá ti kọ ohun púpọ̀ lórí èdè inú eré, lórí orin àti ìlù, lórí ijó àti lórí aṣọ eré. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a rí kà lórí iná. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Inú ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń bá eré pàdé, bẹ́ẹ̀ iná kì í wọnú ìwé. Bí eré bá ti parí tí wọ́n sì pa iná, ó ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òǹwòran tí ó jókòó sínú gbọ̀ngàn kò lè yọ iná kúrò nínú ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Nígbà tí Tadeusz Kowzan, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Pólándì, ka oríṣi àmì tí ó wà lórí ìtàgé ní 1968, 13 ni ó kà: ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ náà sì jẹ́ ọ̀kan. Kò fi ọ̀kan ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ èkejì. Tíọ́rì ìmọ̀-àmì yìí ni a óò gbára lé nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó bá ohun tí àwọn baba wa mọ̀ sí àrokò mu: ohun tí a fi ránṣẹ́ kò ní ẹnu, síbẹ̀ ẹni tí a rán an sí mọ ohun tí ó sọ.

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Ògùdù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, yóò mọ̀ pé iná tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń wá lọ sí òkè òkun mọ́. Ó wà ní gbọ̀ngàn àríyá, ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà ní ibi tí wọ́n ti ń kọrin fújì. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà, láti ìgbà Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé (2015–2019), ti dáwọ́ lé kíkọ́ ilé ìtàgé 4 sí Ìgandò, Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì àti Orẹ́gùn. Ti Orẹ́gùn yìí kò jìnnà sí wa, Ojọ́ta ni a óò gbà débẹ̀. Ìyẹn ni pé irinṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Èrò wa ni pé àwòrán tí irú iná bẹ́ẹ̀ ń jù sórí ìtàgé jẹ́ ọ̀rọ̀, pé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe iná náà ni ó ti yan ọ̀rọ̀ yìí fún wa, àti pé kò sí ohun tí ó ní kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé gígé páànù láti fi ya àwòrán kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá.

2.0 Bí Kẹ̀kẹ́ Àwòrán Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Iná ayíjú ni a pe iná tí orí rẹ̀ lè yí sí ọ̀tún àti sí òsì, tí ó sì lè gbójú sókè tàbí kí ó dorí kodò, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mùfín hẹ́ẹ̀dì ni àwọn oníná ń pè é. Ó ti tó ogójì ọdún ó lé díẹ̀ tí ayé ti mọ̀ ọ́n: ní 1981 ni ẹgbẹ́ olórin Genesis kọ́kọ́ lo èyí tí ilé iṣẹ́ Vari-Lite ti Amẹ́ríkà ṣe, ní ìlú Barcelona. Bí a bá tú orí irú iná yìí, a óò rí gílóòbù lẹ́yìn, lẹ́ńsì níwájú, àti láàárín àwọn méjèèjì, níbi tí ìtànṣán ti kó ara jọ tóóró kí ó tó tún fẹ̀, kẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ kan tàbí méjì. Kẹ̀kẹ́ yìí ni a ń pè ní kẹ̀kẹ́ àwòrán. Ihò yí etí rẹ̀ ká. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan ni páànù tàbí gíláàsì kékeré kan wà, tí wọ́n ti gé àwòrán sí tàbí tí wọ́n ti ya àwòrán sí. Gobo ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ihò kan máa ń ṣófo, kí iná lè tàn láìní àwòrán kankan.

Ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń gbé ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n ni ó ń yí kẹ̀kẹ́ náà. Mágnẹ́ẹ̀tì bíńtín kan ń bẹ lára kẹ̀kẹ́, òun ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ibi tí kẹ̀kẹ́ dúró sí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí iná ayíjú fi máa ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án: ó ń wá ilé rẹ̀ ni, kí ó tó lè mọ ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí, nọ́ńbà ni òṣìṣẹ́ iná ń fi bá a sọ̀rọ̀. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní DMX512, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1986, fi àyè 512 sí orí wáyà kan. Àyè kọ̀ọ̀kan lè gba nọ́ńbà láti 0 dé 255. Nínú àyè tí ó jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ àwòrán, nọ́ńbà tí ó kéré jù lọ sábà máa ń mú ihò tí ó ṣófo wá, àwọn tí ó tẹ̀ lé e yóò mú àwòrán kìíní, ìkejì, ìkẹta wá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ga yóò sì mú kí àwòrán máa gbọ̀n tàbí kí odindi kẹ̀kẹ́ máa yí láìdúró. Ẹni tí ó ń darí iná lè jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kí ó má tilẹ̀ rí páànù náà rí láyé.

Kẹ̀kẹ́ kan kò jọ èkejì. Nínú irú kan, àwòrán kàn ń bọ́ síwájú iná ni, kò lè yí lórí ara rẹ̀. Nínú irú kejì, gobo kọ̀ọ̀kan jókòó sínú òrùka eléyín, eyín yìí sì kọ́ eyín kẹ̀kẹ́ mìíràn tí ó wà láàárín, tó fi jẹ́ pé àwòrán lè máa yí díẹ̀díẹ̀ tàbí kí ó dúró sí igun tí a bá fẹ́. Nínú irú kejì yìí, a lè yọ gobo kan kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ àwọn iná olójú tóóró tí ó gbòde, ara kẹ̀kẹ́ gan-an ni wọ́n gé àwòrán sí, kò sì sí èyí tí a lè yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sharpy, tí ilé iṣẹ́ Clay Paky ti Ítálì ṣe, jẹ́ àpẹẹrẹ: àwòrán 17 ni ó wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọn kì í sì í ṣí nípò. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ohun tí a fẹ́ sọ. Ẹni tí ó háyà iná olójú tóóró ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi sí i lẹ́nu.

Ohun méjì ni lẹ́ńsì ń ṣe sí àwòrán. Ó ń dorí rẹ̀ kodò, ó sì ń fi ọ̀tún rẹ̀ ṣe òsì, nítorí náà òdìkejì ni a gbọ́dọ̀ fi gobo sí. Ó tún ń sọ ọ́ di ńlá. Gobo inú iná ayíjú kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó kọ́bọ̀ lọ. Bí ojú àwòrán bá jẹ́ mílímítà 23, tí ìtànṣán sì fẹ̀ ní dígírì 20, nígbà tí ó bá dé ilẹ̀ tí ó jìnnà tó mítà 10, yóò ti fẹ̀ tó mítà 3.5. Èyí túmọ̀ sí pé ìlà mílímítà 1 tí ayùn gé sára páànù yóò di ìlà tí ó tó sẹ̀ǹtímítà 15 lórí ilẹ̀. Àṣìṣe tí ojú kò lè rí lórí páànù, gbogbo gbọ̀ngàn ni yóò rí i.

3.0 Àmì Tí A Kò Yàn

Níbi ètò ìdána kan tí a wò ní gbọ̀ngàn kan ní Ògùdù, alága ìjókòó ti pe ìyàwó jáde. Arábìnrin kan tí wọ́n háyà bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún ìyàwó, ohùn rẹ̀ sì dára púpọ̀. Ní àkókò yìí gan-an ni iná 4 gbójú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì da òdòdó funfun ẹlẹ́ka mẹ́fà sórí ilẹ̀ àti sórí aṣọ òkè ìyàwó. A wò ó dáadáa: yìnyín ni. Àwòrán yìnyín tí ń bọ́ ní ìgbà òtútù ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Kérésìmesì lọ́hùn-ún. Obìnrin kan lẹ́yìn wa sọ pé, “Ẹ wo bí ó ṣe rẹwà!” Kò purọ́. Ó rẹwà.

Lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ fi ojú ẹ̀gàn wo ẹwà bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Ẹkún ìyàwó ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tí ọmọ ń fi sílẹ̀ àti ilé tí kò tíì mọ̀. Àwòrán tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ ìlú mìíràn. Bí òṣèré kan bá dédé bọ́ sójú agbo ní àkókò yẹn, tí ó ń ké ohun mìíràn tí kò kan ìyàwó, wọn yóò lé e jáde. Iná ṣe ohun kan náà, a pàtẹ́wọ́ fún un. Ìdí ni pé a kò tíì ka iná sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ìràwọ̀, yìnyín, òdòdó, ìlà tó lọ́ mọ́ra bí ìkarahun ìgbín, èyí ni ó pọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tí ń ti ilé iṣẹ́ jáde, nítorí pé ẹni tí ó ń ṣe é kò mọ ẹni tí yóò rà á. Ó ní láti yan ohun tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú. Àmì tí a ṣe kí ó lè bá gbogbo ayé mu kì í sábà ní ohun gidi kan tí ó fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan lè sọ pé, ní gbọ̀ngàn àríyá, èéfín tí wọ́n ń tú sáfẹ́fẹ́ ni kò jẹ́ kí a ka àwòrán: inú èéfín, àwòrán a máa di ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, kò sì sí ẹni tí ń wo ilẹ̀. Òtítọ́ ni èyí dé ààyè kan. Fún ijó fújì, ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ tó. Ọ̀rọ̀ ìtàgé ni ó yàtọ̀, níbi tí òǹwòran ti dákẹ́ tí ó ń wá ìtumọ̀ sí ohun gbogbo tí a bá gbé síwájú rẹ̀.

4.0 Páànù Aládìrẹ

Ohun tí ó jọ gobo jù lọ nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá ni páànù tí wọ́n fi ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ ni àwọn obìnrin fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ, ọwọ́ ni iṣẹ́ náà wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ya Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin ń gé àwòrán sára páànù pẹlẹbẹ, wọn a gbé e lé aṣọ, wọn a sì fi irin pẹlẹbẹ tẹ ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá gbà, aró kò ní mú un. Funfun ni yóò jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wò ó: ihò ara páànù ni ó di funfun lára aṣọ, gẹ́gẹ́ bí ihò ara gobo ti ń di ìmọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀. Aró ni òkùnkùn. Ìlànà kan náà ni, ohun tí ń gba ojú ihò kọjá nìkan ni ó yàtọ̀.

Kì í ṣe ìrísí lásán ni wọ́n fi jọra. Ìṣòro kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Bí a bá gé òrùka sára páànù, àárín òrùka yóò já bọ́, nítorí pé kò sí ohun tí ó dì í mú. Oníṣẹ́ ní láti fi afárá tóóró sílẹ̀ láti ìta sí àárín, kí erékùṣù náà má baà já. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àdìrẹ onípáànù yóò rí àwọn afárá wọ̀nyí, yóò sì rí i pé àwọn tí ó mọ iṣẹ́ kò fi wọ́n pamọ́; wọ́n sọ wọ́n di ara ọnà, etí òrùka wá dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí sì mọ bí a ti ń fi páànù sọ ọ̀rọ̀ tí ó bá ìgbà mu. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ayẹyẹ ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àwòrán ọba àti ayaba bọ́ sára àdìrẹ, aṣọ náà sì di èyí tí a ń pè ní Olóba. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òkè òkun ni, ṣùgbọ́n àwọn ara ilé ni ó yàn án.

Orúkọ ènìyàn ni ó yẹ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ ibi tí ìmọ̀ yìí ti lè wúlò lónìí. Nínú ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó ní Èkó, wọ́n ń fi gobo ju orúkọ ọkọ àti ìyàwó sára ògiri. A ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ lára orúkọ náà. Bí a bá bi oníná, yóò ní páànù kò gbà á. Ṣé òtítọ́ ni? Bí lẹ́tà bá jẹ́ ihò, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ jẹ́ ihò kékeré lásán, kò já, kò nílò afárá. Inú o, a àti d ni ó nílò rẹ̀, èyí tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà nílò. Bí lẹ́tà bá jẹ́ òkùnkùn láàárín ìmọ́lẹ̀ ni àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ yóò di erékùṣù, tí ó sì ní láti ní afárá tirẹ̀. Gíláàsì kò tilẹ̀ ní ìṣòro yìí rárá, nítorí pé àwọ̀ tí wọ́n tẹ́ sójú rẹ̀ ni ó ń dí ìmọ́lẹ̀, kò sí ohun tí yóò já bọ́. Owó rẹ̀ ni ó ga. Nítorí náà, kì í ṣe páànù ni ó kọ̀. Wọ́n kọ orúkọ náà ránṣẹ́ láìfi àmì sí i ni, ẹ̀rọ sì gé ohun tí wọ́n fún un.

5.0 Igi Àyàn Lórí Ilẹ̀ Ìtàgé

Ewu kan wà nínú ohun tí a ti ń sọ bọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè yọ yìnyín kúrò kí ó fi àdìrẹ rọ́pò, kí ó máa da á sórí gbogbo eré, kí ó sì rò pé òun ti ṣe ti Yorùbá. Kò ì ṣe nǹkan kan. Ọnà tí a kó jọ láìní ìdí kò sàn ju ìràwọ̀ ilé iṣẹ́ lọ. Eré wa ní ìṣòro tirẹ̀ pẹ̀lú àwòrán: láti ìgbà Alárìnjó, ẹnu, ìlù àti ara òṣèré ni wọ́n fi ń dá igbó, àfin àti ojú ogun sílẹ̀ lójú agbo tí kò ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan. Iná tí ó ya igbó sílẹ̀ lẹ́yìn tí òṣèré ti fi ẹnu dá igbó náà ń tún ọ̀rọ̀ sọ lásán ni, ó sì lè gba òǹwòran lọ́wọ́ iṣẹ́ tí inú rẹ̀ fẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ọba Kò So wò, eré Dúró Ládipọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Mbárí Mbáyọ̀, Òṣogbo, ní 1963, tí wọ́n sì gbé lọ sí Berlin ní 1964. Ọjọ́ pẹ́ kí irú iná tí a ń sọ yìí tó dé. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ gbé e sórí ìtàgé lónìí pẹ̀lú iná ayíjú, ibo ni ó yẹ kí kẹ̀kẹ́ àwòrán ti ṣiṣẹ́? Èyí tí yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn oníná ni iná tí ń jó, nítorí pé ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ni ó ní àwòrán ọwọ́ iná, ó sì rọrùn láti mú kí ó máa gbọ̀n. Ibẹ̀ gan-an ni kò yẹ. Iná ti pọ̀ tó nínú eré yìí: Tìmì ni Ọlọ́fà-iná, wọ́n ju Gbọ̀nńkáà sínú iná ó sì jáde, Dúró Ládipọ̀ fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ṣàngó sì ń yọ iná lẹ́nu níṣojú òǹwòran. Iná tó ti ẹnu ènìyàn jáde àti iná tó ti inú páànù jáde kò lè jókòó pọ̀; ayédèrú yóò ba ojúlówó jẹ́.

Ibi tí ẹnu ti dákẹ́ ni ìparí eré. Ọba ti lọ sí ìdí igi àyàn. Àwọn kan ní ó so. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní kò so. Orúkọ eré ti gba ẹ̀yìn àwọn tí ó ní kò so, ṣùgbọ́n agbára ìparí náà wà nínú pé òǹwòran mọ ohun tí àwọn kejì ń sọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ojìji ewé àyàn bá wà lórí ilẹ̀ tí ó ṣófo, tí àwọn ènìyàn sì ń ké pé ọba kò so, iná ti sọ ààbọ̀ kan, ẹnu ti sọ ààbọ̀ kejì, ìjà sì wà láàárín wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán ènìyàn tí ó so rọ̀ sí i, ó ti dájọ́, eré sì ti bàjẹ́. Bí ó bá sì fi ewé tí ó wọ́pọ̀ nínú àwọn gobo tí ń ti òkè òkun wá ṣe é, ewé ńlá olórí-orí tí ń wọ́wé ní ìgbà òtútù wọn, igi mìíràn ni ọba lọ bá.

Ewé àyàn kò ṣòro gé. Ewé wẹ́wẹ́ ni, wọ́n tò sí ọ̀tún àti sí òsì ọ̀pá ewé, ìwọ̀nba àlàfo sì wà láàárín wọn. Lórí páànù, ojú ọ̀run tí ó hàn láàárín ewé ni a óò gé sọnù; ewé àti ọ̀pá rẹ̀ ni páànù tí ó kù, wọ́n sì so mọ́ ara wọn títí dé etí, tó fi jẹ́ pé kò sí erékùṣù kankan tí yóò já. A lè gé e fún ìwọ̀n B, mílímítà 86, tí ó wọ inú ọ̀pọ̀ iná ìtàgé tí kì í yíjú, bí gbọ̀ngàn kò bá ní èyí tí ó ṣeé yọ gobo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iná ayíjú ni, kí wọ́n fi í sínú kẹ̀kẹ́ tí gobo rẹ̀ lè yí, kí ó máa yí pẹ̀lẹ́ bí afẹ́fẹ́ tí kò le, kí wọ́n sì ti lẹ́ńsì kúrò díẹ̀ níbi tí àwòrán ti mọ́lẹ̀ kedere, títí etí ewé yóò fi rọ̀. Ibi tí ojìji náà yóò wà ni ilẹ̀ tí Ṣàngó dúró sí kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òṣèré má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí wọn yóò fi pa iná.